1203: Ìtàn bí ẹrù eléwu ṣe gba orúkọ

1/
Bí ẹ bá tún há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí táńkà epo wà níwájú yín, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Lára àwọn kan, ẹ máa rí pátákó kékeré aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ 1203 sí. Kì í ṣe nọ́ńbà ọkọ̀ o. Kì í ṣe nọ́ńbà fóònù ọ̀gá wọn. Orúkọ ni. Orúkọ ohun tó wà nínú táńkà yẹn gan-an ni.

2/
1203 ni bẹntiróòlù ń jẹ́ káàkiri àgbáyé. 1202 ni dísù. 1223 ni kẹrosíìnì. 1075 ni gáàsì ìdáná. Panápaná tó bá ti kọ́ iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ará Tokyo tàbí ará Abẹ́òkúta, tó bá ti rí nọ́ńbà yẹn lókèèrè, ó ti mọ ohun tó fẹ́ bá jà kó tó sún mọ́ ọn.

Ta ló sọ wọ́n lórúkọ? Kí ló dé? Ìtàn náà gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

3/
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wa táńkà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. PMS ni wọ́n máa ń pe bẹntiróòlù, AGO ni dísù, DPK ni kẹrosíìnì, bí àwọn ará dípò ṣe ń kọ ọ́ sínú wéébìlì. Inú orúkọ wọ̀nyẹn ni mo dàgbà sí. Ìgbà tí mo wá ń ka ìtàn ẹrù eléwu ni mo rí i pé orúkọ kan tún wà tó ju ti dípò lọ, àti pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi kọ ọ́.

4/
Ohun tí mo rí kọ́ rèé, kí n tètè sọ ọ́ ká lè jọ máa lọ: nínú gbogbo àjálù tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe bí ẹrù náà ṣe léwu tó nìkan ló pa èèyàn. Ẹni tó gbé e, ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó wá pa iná rẹ̀: kò sẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Ẹrù tí kò jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀rù ni.

5/
Ní 1847, Ascanio Sobrero, onímọ̀ kan ní Ítálì, pò nitroglycerin. Bí òróró ló rí lójú. Àmọ́ bí ẹ bá là á mọ́lẹ̀, tàbí tí nǹkan bá gbá a, ó lè bú gbàù. Ẹ̀rù rẹ̀ ba Sobrero fúnra rẹ̀.

Alfred Nobel, ará Sweden, ló sọ ọ́ di ọjà. Ní 1864, ibi tí wọ́n ti ń pò ó ní Stockholm bú gbàù. Emil, àbúrò Nobel, wà lára àwọn tó kú. Síbẹ̀, ọjà ń tà, torí àwọn awakùsà àti àwọn tó ń la òkè fún ọ̀nà rélùwéè ò rí ohun tó dà bíi rẹ̀.

6/
Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, 1866. San Francisco. Àpótí kan dé sí ọ́fíìsì Wells Fargo, àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù. Orí omi ni wọ́n ti gbé e wá, ó gba Panama kọjá. Nǹkan kan ń jò lára rẹ̀, ó dà bí òróró. Kò sí ohun tó wà lára àpótí náà tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe máa ń ṣe: ẹ jẹ́ ká tú u wò, ká mọ ohun tó bàjẹ́. Wọ́n mú òòlù àti irin. Èèyàn bíi 15 ló kú.

7/
Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìyẹn tí ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ European ti bú gbàù ní èbúté Aspinwall ní Panama, ìlú tí à ń pè ní Colón báyìí. Nitroglycerin náà ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ìròyìn ayé ìgbà yẹn kì í yára bíi ti tiwa. Àwọn ará San Francisco ò tíì gbọ́ nígbà tí wọ́n gbé òòlù.

8/
Ẹni tó ni ilé pe Wells Fargo lẹ́jọ́ pé wọ́n ba ilé òun jẹ́. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a ní 1872. Ilé ẹjọ́ ní Wells Fargo ò jẹ̀bi ti àìbìkítà: wọn ò mọ ohun tó wà nínú àpótí, kò sì sí ohun tó yẹ kó mú wọn fura.

Ẹ tún un kà o. Kò sẹ́ni tó sọ fún alágbàárù, alágbàárù ò lè mọ̀. Ta ló wá yẹ kó sọ? Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ni. Títí di òní, òun ni òpó òfin ẹrù eléwu: ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mọ ìsọ̀rí rẹ̀, kó dì í bó ṣe yẹ, kó kọ orúkọ rẹ̀ síta, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òótọ́ lòun sọ.

9/
Nobel náà kọ́gbọ́n. Ó fi iyẹ̀pẹ̀ kan tó máa ń fa nǹkan mu bí i tìmùtìmù fa nitroglycerin yẹn mu, kó má baà máa ṣàn kiri mọ́. Ó sọ ọ́ ní dynamite, ó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1867. Ohun kan náà ni, àmọ́ ó ti ṣe é gbé. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ kejì: bí a ṣe di ẹrù ṣe pàtàkì bí ẹrù fúnra rẹ̀.

10/
Ẹ̀kọ́ kẹta wá láti London. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, 1874, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Tilbury ń kọjá nínú kánáàlì Regent, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹranko ìlú London. Ẹ̀tù ìbọn wà nínú rẹ̀, ó tó tọ́ọ̀nù bíi 5. Ẹ̀tù nìkan kọ́ o. Epo tó ń gbaná wẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Afẹ́fẹ́ epo tàn ká inú ọkọ̀, iná wà níbẹ̀, ó sì tàn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù.

11/
Èèyàn 3 tó wà nínú ọkọ̀ náà kú. Afárá Macclesfield tó wà lókè wọn wó pátápátá. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn wọ̀nyí gbé orí òrùlé àti iná jọ sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Majendie, ọ̀gágun tí wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, wà lára àwọn tó ṣe òfin ohun abúgbàù ti 1875 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà yẹn ni kò ti tó kéèyàn mọ orúkọ ẹrù kan. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ẹrù tí kò gbọ́dọ̀ bá a gbélé.

12/
Ẹ jẹ́ ká fò dé Kánádà. Ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, 1917, ogun àgbáyé kìíní ń lọ. Ọkọ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Mont-Blanc ń wọ èbúté Halifax. Picric acid, TNT, òwú ìbọn ló kún inú rẹ̀. Wọ́n tún to dúrọ́ọ̀mù benzol, tó ń gbaná bí epo, sórí rẹ̀.

Ọkọ̀ tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àsíá pupa ló yẹ kó ta. Mont-Blanc ò ta á. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ará Jámánì máa rí i. N ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Ogun ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fi orúkọ pamọ́ fún kì í ṣe ọ̀tá nìkan.

13/
Ọkọ̀ mìíràn, Imo, kọ lù ú. Benzol dà, iná sọ. Àwọn atukọ̀ Mont-Blanc bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n wa á lọ sí etí omi, wọ́n ń pariwo fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n sá. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń pariwo. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílùú yẹn.

Àwọn èèyàn jáde wá wòran. Àwọn mìíràn dúró sẹ́yìn gíláàsì fèrèsé. Àwọn panápaná gbé ọkọ̀ wọn, wọ́n ń bọ̀.

14/
Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 4, ó bú. Àwọn tó kú lé ní 1,700. Àwọn tó fara pa tó 9,000. Gíláàsì fèrèsé fọ́ ojú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn. 9 nínú àwọn panápaná Halifax ni ò padà sílé.

Ẹnì kan mọ̀ o. Vince Coleman, òṣìṣẹ́ rélùwéè, gbọ́ ohun tó wà nínú ọkọ̀. Ó ti ń sá lọ, ó tún padà sídìí tẹligíráàmù láti sọ fún ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ pé kó dúró. Ó kú síbẹ̀. Mo máa ń rò ó pé gbogbo nọ́ńbà ara táńkà lónìí, iṣẹ́ tí Coleman ṣe yẹn ni wọ́n ń ṣe: kí ẹni tó ń bọ̀ mọ̀ kó tó dé.

15/
Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Texas City, Amẹ́ríkà, ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, 1947. Ọkọ̀ Grandcamp kó ammonium nitrate bíi tọ́ọ̀nù 2,300. Ajílẹ̀ ni wọ́n kọ sára àpò rẹ̀. Irọ́ kọ́ o, ajílẹ̀ ni lóòótọ́. Àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù nígbà ogun.

Iná mú. Ọ̀gá ọkọ̀ ò fẹ́ kí omi ba ọjà jẹ́, ó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibi ẹrù pa, kí wọ́n fi sítíìmù fún iná náà pa.

16/
Ìyẹn lè pa iná aṣọ tàbí iná pákó, torí iná nílò afẹ́fẹ́. Àmọ́ ammonium nitrate gbé oxygen tirẹ̀ sínú ara. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ kàn ń gbóná rẹ̀ sí i ni.

Èéfín rẹ̀ lárinrin, ó ní àwọ̀ ọsàn. Àwọn èèyàn pé jọ sétí omi láti wò ó. Nígbà tó bú, ó kéré tán èèyàn 581 ló kú. Nínú panápaná 28 tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìlú yẹn, 27 kú lọ́jọ́ kan.

17/
Nígbà tó fi máa di 1950s, ọ̀rọ̀ ti di rúdurùdu. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Òfin rélùwéè yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ojú omi. Ẹrù tó kúrò ní Hamburg pẹ̀lú orúkọ kan lè dé Mumbai láìní orúkọ kankan.

Ní 1953, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UN, yan ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ láti wá ojútùú. Ní 1956, ìmọ̀ràn wọn àkọ́kọ́ jáde. Ìwé Aláwọ̀ Ọsàn làwọn èèyàn ń pè é títí dòní, torí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni òfin ojú títì, ti rélùwéè, ti omi àti ti òfuurufú ti ń mu.

18/
Ìsọ̀rí 9 ni wọ́n pín gbogbo ẹrù eléwu ayé sí. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ kà á:

1: ohun abúgbàù. Ẹ̀tù, dynamite, títí kan bángà Kérésì.
2: gáàsì. Sìlíńdà ìdáná, oxygen ọsibítù.
3: ohun olómi tó ń gbaná. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, tínà àwọn akunlé.
4: ohun líle tó ń gbaná. Ìṣáná wà níbẹ̀.
5: ohun tó ń fún iná lágbára. Ammonium nitrate yẹn.

19/
6: májèlé àti ohun tó ń kó àrùn ranni. Oògùn apakòkòrò wà níbẹ̀.
7: ohun tó ní ìtànṣán olóró.
8: ohun tó ń jẹ ara àti irin. Ásíìdì inú bátìrì mọ́tò.
9: àwọn tó kù tí kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ. Bátìrì lithium wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé fóònù tí ẹ fi ń ka èyí, ẹrù eléwu ni.

Ẹ kíyè sí i: nọ́ńbà ìsọ̀rí kì í ṣe ipò. Ìsọ̀rí 9 lè jó ilé yín bí ìsọ̀rí 3.

20/
Wọ́n tún wo bí ewu ẹrù kọ̀ọ̀kan ṣe tó. Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì jọ wà ní ìsọ̀rí 3, àmọ́ ẹgbẹ́ kọ́ ni wọ́n. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ gbóná ju bíi 38 lọ lórí ìwọ̀n Celsius kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó lè gbaná. Bẹntiróòlù ńkọ́? Nínú òtútù bíi 40 sí ìsàlẹ̀ òdo pàápàá, ó ṣì ń tú afẹ́fẹ́ tó ń gbaná jáde.

Ẹ bi àwọn ìyá wa léèrè nípa kẹrosíìnì tí wọ́n ti pò mọ́ bẹntiróòlù. 1223 ni wọ́n rà, 1203 wà nínú ìgò. Orúkọ kan tí wọ́n pa irọ́ mọ́, àtùpà bú sí èèyàn lójú nínú ilé ìdáná.

21/
Ní 1957, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ADR ní Geneva fún kíkó ẹrù eléwu lójú títì. Ibẹ̀ ni pátákó aláwọ̀ ọsàn ti wá. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni orúkọ ẹrù. Ti òkè ni irú ewu rẹ̀. Ti bẹntiróòlù ni 33: 3 ni ohun olómi tó ń gbaná, ìlọ́po rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ń gbaná kíákíá. Dísù jẹ́ 30. Bí ẹ bá rí X ṣáájú nọ́ńbà, ẹ má da omi sí i o.

Nàìjíríà náà ti wọ àdéhùn yìí, ní 2018. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà síbẹ̀.

22/
Ṣé ìṣòro ti tán nìyẹn? Rárá. Orúkọ lè pa irọ́. Ìtàn tiwa wà níbẹ̀.

Koko, ìlú èbúté kékeré kan, Bendel ni nígbà yẹn, Delta ni báyìí. Láti 1987 wọ 1988, àwọn oníṣòwò kan láti Ítálì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù wá síbẹ̀. Ìwé ẹrù sọ pé nǹkan tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé ni. Wọ́n gbá a jọ sínú ọgbà ọkùnrin kan tí wọ́n ń fún ní bíi ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù.

Májèlé ni. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ Yúróòpù tí wọn ò rí ibi dà á sí.

23/
Àwọn wo ló tú u fó? Àwọn ọ̀dọ́ bíi tiwa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì kà á nínú ìwé ìròyìn níbẹ̀, wọ́n kọ̀wé sílé. Oṣù kẹfà 1988, ariwo ta.

Ìjọba pe aṣojú wa ní Ítálì padà sílé, wọ́n mú ọkọ̀ ojú omi Ítálì kan dúró. Ítálì gbà láti kó ìdọ̀tí wọn. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ tó kó o, Karin B, ń rìn kiri òkun Yúróòpù bí àbíkú. Gẹ̀ẹ́sì lé e, Faransé lé e, Spain lé e. Nígbà tí gbogbo ayé mọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́.

24/
Lọ́dún yẹn náà ni Nàìjíríà ṣe òfin ìdọ̀tí olóró, wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti bójú tó àyíká. Ní 1989 ayé ṣe àdéhùn Basel. Ní 1991 Áfíríkà ṣe tiwa ní Bamako, tó fòfin de kíkó ìdọ̀tí olóró wọ ilẹ̀ Áfíríkà pátápátá. Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìwé ìròyìn ṣe, ẹ dárúkọ Koko.

25/
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tún lè pa irọ́. Oṣù karùn-ún 1996, wọ́n di àwọn ohun tó ń ṣe oxygen fún àwọn èrò ọkọ̀ òfuurufú sínú páálí, wọ́n kọ ọ́ pé òfìfo ni. Òfìfo kọ́. Wọ́n gbé e sínú ValuJet 592 ní Miami. Iná mú nínú ibi ẹrù. Èèyàn 110, kò sẹ́ni tó yè.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ power bank kúrò nínú báàgì tí ẹ fẹ́ fi sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà. Bátìrì tó bá gbaná lọ́wọ́ yín, ẹnì kan máa rí i. Èyí tó bá gbaná nísàlẹ̀, ta ló máa rí i?

26/
Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ wà, kò kàn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ni. Beirut, ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, 2020. Ammonium nitrate tọ́ọ̀nù 2,750 ti wà ní èbúté láti ọdún bíi mẹ́fà. Àwọn aláṣẹ mọ̀. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀. Nígbà tí iná mú, wọ́n pe panápaná. Èèyàn 10 ló lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Kò sí ọ̀kan tó padà. Àpapọ̀ òkú ọjọ́ yẹn lé ní 200.

Ọdún 73 lẹ́yìn Texas City. Ajílẹ̀ kan náà.

27/
Ẹ má wo Beirut bí ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́ 16 oṣù kìíní, 2024, gbogbo Ìbàdàn gbọ́ ọ. Bódìjà. Gómìnà sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù sínú ilé kan níbẹ̀. Ìsọ̀rí 1, láàárín ilé èèyàn. Ó kéré tán èèyàn 5 kú, ilé sì wó lọ rẹpẹtẹ. Aládùúgbò ò mọ̀ pé Mont-Blanc gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òun.

28/
Ẹ jẹ́ ká wá padà sí 1203.

Okobie, ní Rivers, 2012: táńkà ṣubú, àwọn tó kú lé ní 90. Afárá Otedola, Èkó, 2018: èèyàn 9, ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná. Majiya, ní Jigawa, oṣù kẹwàá 2024: ó lé ní 150. Dikko, ní Niger, oṣù kìíní 2025: ó lé ní 80.

Nínú mẹ́ta lára wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ló lọ gbọ́n epo.

29/
Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Mo máa ń kà á lábẹ́ gbogbo ìròyìn bẹ́ẹ̀: "Ojúkòkòrò ló pa wọ́n." Ẹ jẹ́ ká rọra. Nígbà ti Majiya, lítà bẹntiróòlù kan ti kọjá 1,000 náírà. Ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ìyẹn, kò tó 200. Kẹ́ẹ̀gì epo kan, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni fún ẹlòmíràn.

Ebi mú wọn débẹ̀, ó dájú. Àmọ́ ta ló sọ fún wọn rí pé afẹ́fẹ́ epo yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, pé ilẹ̀ ló ń rá lọ, inú gọ́tà ló ń kó sí, a kì í rí i lójú, ó sì lè rìn jìnnà lọ bá iná níbòmíràn kó tó gbé iná náà padà? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti gbọ́n epo, inú rẹ̀ ló dúró sí.

30/
Ohun tó ń dùn mí nìyí. A ti fọwọ́ sí àdéhùn. Àwọn táńkà kan gbé nọ́ńbà. Àwọn mìíràn ò gbé nǹkan kan, àfi "No Smoking" tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Àwọn tó gbé e pàápàá, ta ló kọ́ ará etí títì láti kà á? Àwọn atukọ̀ Mont-Blanc kígbe, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní èdè tí àwọn tó fẹ́ gbọ́ ọ ò gbọ́. 1203 ń kígbe lójú títì wa lójoojúmọ́. Faransé ni létí wa.

31/
Nítorí náà, mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa. Bí táńkà 1203 bá ṣubú, tí epo ń dà:

Ẹ má sún mọ́ ọn, ó kéré tán mítà 50, kódà bí iná ò bá tíì mú.
Bí epo tó dà bá pọ̀, kí àwọn tó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kúrò, ó kéré tán mítà 300.
Bí iná bá ti mú táńkà náà, mítà 800 ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Pápá bọ́ọ̀lù bíi mẹ́jọ nìyẹn.

Ìwé atọ́nà tí panápaná ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló sọ bẹ́ẹ̀.

32/
Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ni kí ẹ sá sí. Ẹ má lọ sísàlẹ̀, ẹ má lọ sétí gọ́tà. Ẹ má ṣáná, ẹ má ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ nítòsí. Ẹ má dúró ya fídíò. Àwọn tó dúró wòran ní Halifax àti Texas City ni ìtàn ń kà fún yín láti òkè.

Nígbà tí ẹ bá ti jìnnà, ẹ pe 122, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112. Ẹ ka nọ́ńbà ara táńkà fún wọn bí ẹ bá rí i lókèèrè. Ìyẹn nìkan lè gba panápaná kan là.

33/
Ó sì ku ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ tiwa. Kí gbogbo táńkà tó bá jáde ní dípò gbé orúkọ rẹ̀ síta. Kí ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ dáhùn fún un, bí ìtàn 1866 ṣe kọ́ ayé. Kí wọ́n máa ké e lórí rédíò, ní ọjà, ní gáréèjì, ní ilé ìwé, ní Yorùbá, ní Hausa, ní Ìgbò, ní Tiv, ní Ijaw, pé 1203 rèé, ohun tó ń ṣe rèé. Bí wọn ò bá ṣe é, ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n lórúkọ.

34/
Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń gbé tàbí tó ń tajà létí títì tí táńkà ń gbà, ẹ bá mi fi 31 àti 32 ránṣẹ́ sí i. Bí kò bá lè kà á, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu.